Ẹ̀sùn lórí brain box ọkọ̀ mi tí ẹ pààrọ̀ láìwọn wáyà rẹ̀ wò

Ìtòkú,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹta.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi ni mo ni Nissan aláwọ̀ eérú tí wọ́n pààrọ̀ brain box rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ní gáréèjì yín ní ọjọ́ 24, oṣù Kejì. ₦185,000 ni mo san, rìsíìtì yín wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹsàn-án, iná ẹ́ńjìnnì ti tún tàn, P0603, àmì àṣìṣe kan náà tí ẹ rí lọ́jọ́ náà, ló sì tún yọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí mi ò rò pé àwọn ọmọ iṣẹ́ yín sọ ọ́ délẹ̀ fún yín. Tí ọkọ̀ náà bá sùn mọ́jú, aago rédíò rẹ̀ á ti padà sí 12:00. Ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, tí mo bá sì kó sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Kútọ̀, á kú. Mo sọ ọ̀rọ̀ aago yìí fún ọmọbìnrin tó gba orúkọ mi sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, rédíò yín ló ti gbó." Kò kọ ọ́ sínú ìwé. Bẹ́ẹ̀, ìdí aago yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Mẹkáníìkì yín ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó rí P0603, ó sì dájọ́ lójú ẹsẹ̀ pé mẹ́mọ́rì brain box ti kú. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó pa àmì náà rẹ́. Àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi pamọ́ nípa ìgbà tí àṣìṣe ọ̀hún ṣẹlẹ̀ sì bá a lọ.

Nígbà tó tún yọ, ọ̀dọ̀ ríwáyà kan ní Láfẹ́ńwá ni mo gbé e lọ. Ìyẹn kò tú brain box rárá. Ó ní kí n yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi mítà wọn bátìrì: 12.6 volt. Ó wá wọn wáyà kan ní ìdí brain box, èyí tó yẹ kí iná bátìrì wà lẹ́nu rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kọ́kọ́rọ́ ì báà wà níbẹ̀ tàbí kó má sí: òdo. Ó tọ wáyà náà dé ibi fíúùsì. Ibi tí fíúùsì jókòó sí ti dípẹtà, ó ti di àwọ̀ ewé. Ó pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fíúùsì, ó sì tún kọ́ ẹ́ńjìnnì ní bí yóò ṣe máa mí tí ọkọ̀ bá dúró. ₦6,000 ló gbà. Aago rédíò kò tíì padà sẹ́yìn láti ìgbà náà.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ó sì yé mi. Mẹ́mọ́rì kan wà nínú brain box tí kì í gbàgbé, bí ẹ tilẹ̀ yọ bátìrì. Òmíràn wà tó jẹ́ pé wáyà yẹn ló ń bọ́ ọ. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń kó ohun tó fúnra rẹ̀ kọ́ sí, bí ìwọ̀n epo tó bá afẹ́fẹ́ mu. Èyí tí wáyà ń bọ́ yìí ni P0603 ń sọ. Ká ní P0604 tàbí P0605 ni, ìyẹn RAM (mẹ́mọ́rì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) àti ROM (èyí tí kì í gbàgbé), ọ̀rọ̀ brain box ì bá tọ́ sí ẹnu. Síbẹ̀, iná àti gíráǹdì rẹ̀ ni ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹni tí ebi ń pa lẹ sìnkú rẹ̀. Nídìí àdìrẹ tí mò ń ṣe, tí aṣọ ò bá gba aró, ìkòkò aró la máa ń yẹ̀ wò ká tó dá aṣọ lẹ́bi.

Kọ́kọ́rọ́ ló wá dùn mí jù. Brain box tòkunbọ̀ tí ẹ gbé wọlé kò mọ kọ́kọ́rọ́ mi, ẹ sì gba ₦35,000 nínú owó yẹn láti kọ́ ọ mọ́ ẹyọ kan. Ti ọwọ́ ọkọ mi, ẹ ò bèèrè rẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé ọkọ̀ sí Pànṣẹ́kẹ́ kó lè wá mú un. Ó yí kọ́kọ́rọ́ títí, ẹ́ńjìnnì ò sítáàtì. Wákàtí méjì ni bàbá àgbàlagbà fi dúró nínú oòrùn kí n tó ráyè dé. Mo wá pè yín pé kí ẹ dá brain box mi padà, wọ́n ní àwọn ti dà á nù. Ọ̀gá, ta ló ń da brain box nù ní Nàìjíríà?

Ẹ wá brain box mi jáde. Kí ẹ gbé e padà síbi tó wà lójú ríwáyà mi, kí kọ́kọ́rọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́, kí ẹ gba tòkunbọ̀ yín. Kí ẹ sì dá ₦175,000 padà. ₦10,000 tí ẹ gbà fún àyẹ̀wò, mi ò bá yín fà á; àyẹ̀wò ìdajì náà, àyẹ̀wò ni.

Mo fún yín di ọjọ́ 28, oṣù yìí. Tí mi ò bá gbọ́ nǹkan, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni màá kọ̀wé sí, torí òfin ọdún 2018 tó dá wọn sílẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó péye. Fíúùsì àtijọ́ náà àti ìjókòó rẹ̀ wà nínú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù mi. Tí mẹkáníìkì yín bá fẹ́ wò ó, kó yà sí Ìtòkú. Mi ò ní bá a jà.

Èmi ni,
Aláàdìrẹ Ìtòkú, oní-Nissan aláwọ̀ eérú.