Fúnkẹ́, Má Tíì Fi Owó Kútọnu Ránṣẹ́

Àgbádárìgì,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kọkànlá, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi Fúnkẹ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù Winnipeg ńkọ́, ṣé ó ti dé? Mo gbọ́ ohùn tí o gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju kí n máa dá a lóhùn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lórí fóònù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù jókòó kọ ọ́ sí ọ.

Kí n má fọ̀rọ̀ gùn: owó tí Màmá ní kí o fi rán Káyọ̀dé àbúrò rẹ lọ sí yunifásítì ní Kútọnu, nílẹ̀ Benin, má tíì fi ránṣẹ́. Bí o bá sì ti fi ránṣẹ́ sí Màmá, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú un lọ́wọ́ ná.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ni Káyọ̀dé gbé èsì WAEC rẹ̀ wá bá mi kí n bá a tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ṣí i lórí fóònù rẹ̀ tó ti fọ́ lójú, àmọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ kò kúrò lórí ìlà kan. Mo ní, “Káyọ̀dé, gbọ́wọ́ kúrò.” Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tó kù ná.” Bàọ́lọ́jì ló fọwọ́ bò, F9. Àwọn tó kù tó ní kí n wò nìyí: Yorùbá B3, Civic C4, Gẹ̀ẹ́sì C6, Government C6, Economics D7, Lítíréṣọ̀ D7, Ìṣirò E8. Kírẹ́dítì mẹ́rin, ìyẹn C6 sókè. JAMB rẹ̀ jẹ́ 158.

Fúnkẹ́, àbúrò rẹ kì í ṣe olódo. Ó ti pẹ́ tí o ti kúrò nílẹ̀ yìí, o ò rí bó ṣe dàgbà. Nígbà tí a ń kó ọmọ àbúrò mi jáde, ẹni tó yẹ kó wá darí ètò kò tètè dé, Káyọ̀dé gba máìkì. Ó fi Yorùbá kí àwọn àna wa tó ti Ìjẹ̀bú wá, ó yíjú sí àwọn ìyá ọlọ́jà tó jókòó lẹ́yìn, ó bọ́ sínú Ègùn bí ẹni pé ọmọ bíbí inú wọn ni, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń ná owó fún un. Nígbà tí ẹni tí a bẹ̀ wá fi dé, àwọn èèyàn ní kó jókòó jẹun tirẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kàn nílò ọ̀nà tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu ni.

Bọ̀ọ̀dá tó ń bá Màmá sọ̀rọ̀ Kútọnu, mo mọ̀ ọ́n lójú, n kò ní dárúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ohun tó sọ fún wọn ni pé kò sí JAMB, kò sí ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni, ọdún mẹ́ta péré ìwé ti jáde. Ó kó fọ́tò àwọn ọmọ tó wọ gáùn dání. Ó rọrùn fún àwa ará ibí láti gba irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, torí Sèmè kò jìnnà sí wa, ta ni kò sì ní ẹbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nínú wa? Lójú Màmá, bí ìgbà tí ọmọ lọ sí ìlú ìyá rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà á ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìparí 2023. Oníròyìn kan láti Daily Nigerian lọ gba dígírì ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì fi ìwé náà wọ ètò àgùnbánirọ̀, NYSC. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn dá àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí tó bá ti Benin àti Togo wá dúró. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ sọ pé ìwé ẹ̀rí tó lé ní 22,000 tí àwọn ọmọ wa gbà lọ́nà ẹ̀bùrú ní orílẹ̀-èdè méjèèjì ni àwọn máa fagi lé. Kì í ṣe pé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni ayédèrú o. Yunifásítì ìjọba wọn tó wà ní Abomey-Calavi, gidi ni, àmọ́ Faransé ni wọ́n fi ń ṣe é, bọ̀ọ̀dá wa kò sì dárúkọ ibẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọ àfi owó, èmi kò gbà pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń tà.

Wàyí o, kí ló kù? Nígbà tiwa, ẹni tí èsì rẹ̀ bá ṣe bákan bàkàn yóò gba Ìjànìkin lọ ṣe NCE, ìyẹn ìwé ẹ̀rí olùkọ́, tàbí kó lọ sí Poli Ìkòròdú. Ìjọba Èkó sọ gbogbo rẹ̀ di yunifásítì ní 2022. Wọ́n pa Adéníran Ògúnsànyà, kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjànìkin yẹn, pọ̀ mọ́ Michael Ọ̀tẹ́dọlá ti Ẹ̀pẹ́, ó di LASUED. LASPOTECH, ìyẹn Poli Ìkòròdú, di LASUSTECH. Inú àwọn èèyàn dùn nígbà náà. Inú tèmi kò fi bẹ́ẹ̀ dùn, n kò sì tíì yí ọkàn padà. Kírẹ́dítì márùn-ún ni dígírì ń béèrè. Ọmọ tó ní mẹ́rin, tí ì bá ti ilé ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo dé kíláàsì, ti di ẹni tó ń wá yàrá háyà ní ìlú onílùú.

Ohun tí mo ń rí lójoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ni pé àwọn òbí kò mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọmọ wọn lẹ́sẹ̀. 150 ni máàkì tó kéré jù tí JAMB fi sí yunifásítì lọ́dún yìí, 100 sì ni ti poli àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Káyọ̀dé ti kọjá méjèèjì. WAEC ló dá a dúró. Ẹnì kan tún ti ń sọ fún Màmá pé kó lọ ṣe JUPEB tàbí IJMB, àwọn ètò ìgbáradì fún yunifásítì, kó lè wọ 200 level (ọdún kejì) tààrà. Ìyẹn dára fún ọmọ tí JAMB ń yọ lẹ́nu. Ẹni tí kírẹ́dítì rẹ̀ kò pé, bó bá ṣe é tán pẹ̀lú owó rẹpẹtẹ, kírẹ́dítì márùn-ún náà ni wọ́n ṣì máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. National Open University náà kò béèrè JAMB, àmọ́ ó ń béèrè márùn-ún yẹn fún dígírì.

Lóṣù tó kọjá ni iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà tuntun jáde: márùn-ún fún yunifásítì, mẹ́rin fún ND (ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní poli) àti NCE, kírẹ́dítì ìṣirò kò sì pọn dandan mọ́ fún àwọn tó ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ bí èdè àti lítíréṣọ̀. Káyọ̀dé gbọ́ ìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní kó rọra. Kí ìlànà jáde l'Ábújá yàtọ̀ sí kí ilé ẹ̀kọ́ kan tẹ̀ lé e. A jọ wọ IBASS, ìyẹn ibi tí JAMB kó ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè sí, à ń wò ó níkọ̀ọ̀kan títí iná fi lọ.

Mass Communication ló ń wu òun fúnra rẹ̀, torí rédíò. Poli ìjọba àpapọ̀ tó wà n'Ílaròó ń ṣe é, kò sì jìnnà jù sí wa. ND ọdún méjì, ọdún kan níbi iṣẹ́, HND ọdún méjì. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n D7 tó ní nínú Lítíréṣọ̀ ń kọ mí lóminú, o sì mọ bí àwọn agbanisíṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí ṣe ń wo ẹni tó ní HND lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ní dígírì. Ohun tí mo fẹ́ kó ṣe ni NCE Yorùbá ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀, l'Ábẹ́òkúta. Ọdún mẹ́ta ni. Lẹ́yìn ìyẹn, á gba fọ́ọ̀mù Direct Entry, á bẹ̀rẹ̀ láti 200 level ní yunifásítì. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dénú, tó tún gbọ́ Ègùn, kò sí iléeṣẹ́ rédíò tí kò ní fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí rédíò kò bá sì tètè wá, á ní iṣẹ́ olùkọ́ tó lè ṣe ná.

O mọ̀ pé ọ̀nà tí èmi gbà nìyẹn. Nígbà tí a fi NCE wọ LASU, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn tó ti JAMB wá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a ti dàgbà jù. Nígbà tó di pé kí kálukú dúró níwájú kíláàsì kó sọ̀rọ̀, àwa la ń dúró láìgbọ̀n, torí a ti kọ́ ọmọ JSS rí, kò sì sí ohun tó le ju ọmọ JSS lọ láyé.

Kì í ṣe pé Ìṣirò rẹ̀ máa jẹ́ E8 títí láé ṣá o. Mo fẹ́ kó forúkọ sílẹ̀ fún GCE oṣù Kìíní, ìyẹn WAEC tí ẹni tó ti jáde ilé ìwé lè ṣe. Orí kọ̀ǹpútà ni ìbéèrè rẹ̀ ń jáde báyìí, n ó fi èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Kó ṣe Ìṣirò, kó ṣe Lítíréṣọ̀, kó tún ṣe Economics. Èsì méjì ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń gbà pọ̀. Olùkọ́ gidi ni kó lọ bá o, kì í ṣe àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sára pátákó fún ọmọ. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n gba èsì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti san owó ìyẹn.

Nípa owó, má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú jù. NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ń yá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lówó láìsí èlé. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ìwé fún tààrà, wọ́n sì ń fún ọmọ ní 20,000 náírà lóṣooṣù fún oúnjẹ. 20,000 kò lè bọ́ ọmọkùnrin ọdún méjìdínlógún, àwa méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó sàn ju òfo lọ. Kó lọ tún NIN rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè) ṣe, orúkọ tó wà níbẹ̀ kò bá ti WAEC mu.

Màmá nìkan ló kù. Wọ́n sọ ọ́ sí mi lójú pé NCE ni ìwé àwọn tó fìdí rẹmi, pé ọmọ aládùúgbò yín wà ní LASU. N kò lè fèsì, torí àgbà ni wọ́n, iyán tí wọ́n gún fún mi sì wà níwájú mi. Ìwọ ni kó o bá wọn sọ ọ́. Sọ fún wọn pé college ni ìwọ náà ń lọ ní Kánádà, pé kì í ṣe yunifásítì, ilé ìwòsàn ibẹ̀ sì ti gbà ọ́ síṣẹ́ kí o tó parí. Wọn kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọjà ni wọ́n ń sọ fún pé yunifásítì lo wà.

Èyí tó kánjú jù: LASU ni Káyọ̀dé kọ sí ipò kìíní lórí JAMB. A ní láti pààrọ̀ rẹ̀ kí ọ̀nà tó dí, torí JAMB ọdún yìí kò wúlò fún ọdún tó ń bọ̀. Fi owó ìyẹn àti ti GCE ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, n ó fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí ọ. Kí o sì pe Káyọ̀dé fúnra rẹ̀, kì í ṣe Màmá, kó sọ fún ọ bóyá Ìlaròó ló fẹ́ àbí Abẹ́òkúta. N kò fẹ́ tẹ ohunkóhun lórí ẹ̀rọ láìjẹ́ pé òun ló sọ ọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ nílé lóṣù Kejìlá, sọ fún mi, mo ti ra gàrí àti edé gbígbẹ pa mọ́ fún ọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bísí.