Lẹ́tà sí àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe ọ̀gá ní sẹkitéríàtì

Bàbá Ìbejì,

O kú oríire o. Mo ti rí fọ́tò tó o gbé sórí WhatsApp, aṣọ yẹn bá ẹ mu gan-an, mo sì ti sọ fún ìyàwó ẹ pé èmi ni mo máa se mọ́ínmọ́ín ọjọ́ ìdúpẹ́, kó fọkàn balẹ̀. Inú mi dùn débi tó dùn dé. Àmọ́ bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ lórí fóònù ló ní kọntirakítọ̀ kan ti pè pé òun máa fi màlúù kan ránṣẹ́ fún ìdúpẹ́ náà. Màlúù kẹ̀! Ẹni tó ò mọ̀ rí kí lẹ́tà ìgbéga ẹ tó jáde, kì í ṣe ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kubwa, kì í ṣe ará Ọ̀ffà, ẹ ò jọ lọ síléèwé kankan, ohun kan ṣoṣo tó pa yín pọ̀ ni pé ọwọ́ ẹ ni ìwé ẹ̀ máa gbà kọjá láti ìsinsìnyí lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Jọ̀ọ́, kí màlúù yẹn dúró sí ọjà màlúù Dei-Dei níbi tó wà. Ìgbà tí wòlíì Sámúẹ́lì darúgbó, ó dúró níwájú gbogbo Ísírẹ́lì, ó ní kí wọ́n wá jẹ́rìí òun: màlúù ta ni òun gbà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ta ni òun gbà, ọwọ́ ta ni òun ti gba rìbá tó fọ́ òun lójú. Ṣó o rí i pé màlúù ló kọ́kọ́ dárúkọ, kí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ tó kan owó. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 náà ò fi bò, ó wà nínú àfikún karùn-ún lẹ́yìn ìwé náà: ẹbí àti ọ̀rẹ́ lè fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀bùn níbi tí àṣà bá fàyè gbà á dé, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá fún un níbi ayẹyẹ ìta gbangba, ti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣojú fún ni. Tá a bá ní ká tẹ̀lé òfin yẹn, màlúù ìjọba nìyẹn o, ta ló wá fẹ́ máa já koríko fún un ní sẹkitéríàtì?

Ó dáa, ọ̀rọ̀ màlúù ti tán. Mo mọ̀ ẹ́, o máa dá a padà. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà gígùn báyìí yàtọ̀, torí èmi ò bẹ̀rù pé o máa jalè. Irú ọ̀gá kan ló ń bà mí lẹ́rù, wọ́n sì pọ̀ láàárín àwa onígbàgbọ́ nínú Abuja yìí, ọ̀gá tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tó wá gbà pé ibẹ̀ yẹn ni gbogbo ẹ̀ parí sí.

Mo bá ọ̀kan ṣiṣẹ́ rí. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní sọ ilé-iṣẹ́ wo. Díákónì ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Tí kọntirakítọ̀ bá gbé envelope sílẹ̀ lórí tábìlì ẹ̀, á pe mẹ́síńjà kó gbé e tẹ̀lé onítọ̀hún jáde, ojú wa báyìí ló ṣe máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n fáìlì tó bá ti wọ ọ́fíìsì yẹn, ó di ìgbà tó bá wu Ọlọ́run. Fellowship wà lójoojúmọ́, agogo méjìlá ló ń bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kó parí lágogo kan, tí ẹ̀mí bá ti bà lé wọn ó di méjì, tó bá wá bọ́ sí Fraídè àwọn Mùsùlùmí ti lọ Júmọ̀, àwọn onígbàgbọ́ wà nínú fellowship, ta ló kù tó máa dá aráàlú lóhùn?

Ọjọ́ Fraídè bẹ́ẹ̀ ni bàbá kan wá láti Gombe. Ó ti sùn sọ́dọ̀ èèyàn ẹ̀ kan ní Mararaba kó lè tètè dé, kí gósílóò Nyanya má baà dá a dúró, kí wọ́n tó ṣí ọ́fíìsì ló ti wà lórí bẹ́ǹṣì ní kọ̀rídọ̀. Ìwé ẹ̀ wà nínú nylon dúdú, ó ká a po, ó fi rọ́bà dè é, kò sì gbé e sílẹ̀ rárá, àní nígbà tó fẹ́ ṣe àlùwàlá, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá òun dì í mú, ó sì yíjú padà wò mí bó ṣe ń lọ. Ìbuwọ́lùwé kan ṣoṣo ló wá gbà. Gbogbo bó ṣe jókòó yẹn ló ń gbọ́ àtẹ́wọ́ àti halelúyà wa láti inú yàrá kejì, ọ̀gá ń darí àdúrà fún Nàìjíríà. Ìgbà tí wọ́n máa jáde, ọ̀gá ti ní mítìn-ín míì. Ni mẹ́síńjà bá fi Haúsá sọ fún un pé, “Baba, ka dawo ranar Litinin,” kó padà wá ní Mọ́ńdè. Bàbá dìde, ó ní “To, Allah ya kai mu,” ó dáa, kí Ọlọ́run mú wa débẹ̀, ó gbé nylon ẹ̀ há abíyá, ó lọ. Gombe o, Bàbá Ìbejì! Kì í ṣe Karu.

Ọ̀gá yẹn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ owó ọkọ̀ tí bàbá yẹn máa tún ná, ta ló jẹ ẹ́? Mi ò mọ̀ bóyá ìwọ rí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó gba owó kó tó buwọ́ lùwé àti ẹni tí ò buwọ́ lù ú rárá, èmi ò fi bẹ́ẹ̀ rí i. Tá a bá tiẹ̀ fẹ́ sọ òótọ́, ẹni tó gba ègúnjẹ yẹn ṣáà máa ń ṣe iṣẹ́ náà, ìdí tí àwọn èèyàn fi ń fi ẹsẹ̀ ara wọn wá a lọ nìyẹn.

Dáníẹ́lì tá a ń kọrin ẹ̀ láti Sunday school, ihò kìnnìún nìkan la gbá mú. Ọ̀rọ̀ náà ò bẹ̀rẹ̀ nínú ihò, inú ọ́fíìsì ló ti bẹ̀rẹ̀. Dáríúsì yan gómìnà 120, ó fi ọ̀gá mẹ́ta lé wọn lórí, Dáníẹ́lì jẹ́ ọ̀kan. Àwọn yòókù ń wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀ lórí iṣẹ́ ìjọba, wọ́n wá a títí, wọn ò rí i pé ó jalè, wọn ò sì rí i pé ó dágunlá síṣẹ́. Méjèèjì ló wà níbẹ̀ o, lọ ka orí 6 ẹsẹ 4 dáadáa. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ já sófo ni wọ́n tó gba ìdí àdúrà ẹ̀ lọ. Ní tiwa ńkọ́? Àdúrà wa ni wọ́n máa rí yìn, fáìlì ni wọ́n máa fi mú wa.

Nehemáyà tiẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, torí òṣìṣẹ́ ìjọba pọ́ńbélé ni. Ọdún 12 ló fi ṣe gómìnà ní Júdà, kò jẹ nínú oúnjẹ tó tọ́ sí gómìnà, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni o, kì í ṣe owó olè, ó ní ẹrù ti wúwo jù lórí àwọn èèyàn. Kò wá ká ọwọ́ gbera, èèyàn 150 ló ń jẹun lórí tábìlì ẹ̀, màlúù kan àti àgùntàn mẹ́fà lójúmọ́ (tiẹ̀ ń jáde, kì í wọlé), òun àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ wà nídìí iṣẹ́ odi, ó sì sọ ọ́ kedere pé àwọn ò ra ilẹ̀. Kò ra ilẹ̀! Ní Abuja yìí tí àwọn kan ti ní plọ́ọ̀tì ní Lugbe àti Kuje kí àga tó gbóná lábẹ́ wọn.

Tó o bá ní ti Bíbélì ti pẹ́ jù, Dora Akunyili ṣì wà lọ́kàn gbogbo àwa tá a wà nílùú yìí nígbà náà. Ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ ní PTF, àjọ ìjọba tó ń fi owó epo rọ̀bì ṣiṣẹ́ ìlú, ni wọ́n fún un lówó láti lọ ṣiṣẹ́ abẹ ní London, àwọn dókítà ní kò nílò iṣẹ́ abẹ, ló bá dá pọ́n-ùn 12,000 padà fún wọn. Ìtàn yẹn wà lára ohun tó mú kí Ọbásanjọ́ fi í ṣe ọ̀gá NAFDAC ní 2001. Àmọ́ ká ní ó dé NAFDAC tán, ó wá jókòó sínú AC ó ń sọ pé òun ò gba rìbá, ta ni ì bá rántí ẹ̀? Ó jáde síta, ó ń gba oògùn ayédèrú, ó ń dáná sun ún, títí wọ́n fi yìnbọn sí mọ́tò ẹ̀ ní Anambra ní December 2003 tí ọta gba inú gèlè ẹ̀ kọjá. Kátólíìkì paraku ni, kò fi ìgbàgbọ́ ẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀ la kọ́kọ́ mọ̀.

Ibi tí wọ́n ti máa dán ẹ wò gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ abẹ́ ẹ ni. Wọ́n máa gbé voucher wá, tréníìnì ní Keffi, orúkọ èèyàn mẹ́wàá àti dírẹ́bà kan, tí ìkankan nínú wọn ò kọjá Garki. “Ọ̀gá, wẹ́fíà wa ni.” Ebi tó ń pa wọ́n kì í ṣe irọ́, ìwọ náà mọ iye tí owó oṣù 70,000 náírà máa kù sí tí èèyàn bá ti san owó ilé ní Mararaba tó sì ń wọ mọ́tò lójoojúmọ́. Má buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n má ṣe bíi ti díákónì tèmi tó jẹ́ pé nígbà tó lé DTA irọ́ (owó ìrìn àjò iṣẹ́) lọ, ó lé ti òótọ́ náà tẹ̀lé e, gbogbo èèyàn ló di afurasí lójú ẹ̀, dírẹ́bà tó wa mọ́tò lọ Maiduguri lóòótọ́, tó fi owó ara ẹ̀ jẹun lọ́nà, kò rí owó ẹ̀ gbà títí tó fi ń yáwó. Ìwọ fúnra ẹ ni kó o máa lépa owó tó tọ́ sí wọn títí tó fi máa wọ account. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìkà ni wọ́n máa pe ìgbàgbọ́ ẹ, mi ò sì ní bá wọn jiyàn.

Tí ọdún bá ń parí lọ, wọ́n á tún ní kó o gé iṣẹ́ kan sí mẹ́ta kí ìkọ̀ọ̀kan lè kéré, kó má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó yẹ kó wò ó. Òfin ọjà rírà ìjọba ti 2007 ka ìyẹn sí ọ̀ràn, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ó kéré tán, kò sí owó ìtanràn. Tí ìbẹ̀rù Ọlọ́run ò bá tó, kí ìbẹ̀rù ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje tó.

Mẹ́síńjà ẹ àti sẹ́kítírì ẹ ńkọ́? Èlíṣà ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ Náámánì, Géhásì ló sáré tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà, ó ní ọ̀gá òun ló rán òun, ó gba tálẹ́ńtì fàdákà méjì àti aṣọ méjì. Orúkọ Èlíṣà ló fi gbà á! Máa bi àwọn tó bá jáde lọ́fíìsì ẹ léèrè pé kí ni wọ́n san kí wọ́n tó rí ẹ.

Ní ti fellowship, lọ, mi ò ní kó o má lọ, àmọ́ inú lunch break ni kó mọ, kí ẹnì kan sì wà ní kọ̀rídọ̀ tó lè dá àlejò lóhùn. Má sì darí ẹ̀. Ọ̀gá tó bá ń darí fellowship, ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ máàkì tí ọ̀gá ń fún òṣìṣẹ́ fún ìgbéga ni wọ́n ń wá, àmín wọn sì máa ń ròkè ju ti gbogbo èèyàn lọ. Alhaja kan tá a jọ ṣiṣẹ́, ará Ìlọrin, òun ló ń mú imprest wa, owó kéékèèké tí ọ́fíìsì ń ná, tí ṣéńjì bá ku 50 náírà á kọ ọ́ sílẹ̀. Irú wọn ò gbọ́dọ̀ rò láé pé inú àdúrà ẹ ni ìgbéga wà.

Fraídè Fraídè, kó o tó lọ sílé, ní kí registry gbé ìwé tí wọ́n fi ń kọ ìrìn fáìlì wá, kó o wo èyí tó ti pẹ́ lórí tábìlì ẹ. Tábìlì ẹ ni mo ní o, kì í ṣe ti àwọn ọmọ. Láti 2004 tí wọ́n ti dá SERVICOM, àwọn tó ń rí sí bí ilé-iṣẹ́ ìjọba ṣe ń dá aráàlú lóhùn, sílẹ̀ ni wọ́n ti ní kí ilé-iṣẹ́ kọ ọ́ síta iye ọjọ́ tí iṣẹ́ kan máa gbà. Lọ wá tiyín, ó ṣeé ṣe kó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Mi ò ní parọ́ fún ẹ pé gbogbo èyí á jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn ẹ. Wọ́n lè gbé ẹ lọ síbi tó jẹ́ pé àga àti fáànù nìkan ló wà níbẹ̀, kí wọ́n sì máa pè ẹ́ ní Pásítọ̀ lẹ́yìn. Jẹ́ kí ìyàwó ẹ mọ̀ látìsinsìnyí, kí owó iléèwé ìbejì má wá di ìjà nígbà náà.

Ó wá ku àwa ẹbí. Bàbá Ọ̀ffà ti pè mí, wọ́n ní kó o bá àwọn wá slot iṣẹ́ ìjọba fún àbígbẹ̀yìn wọn, wọ́n ní ẹni tó bá wà ní Abuja tí kò ran ará ilé lọ́wọ́, kí ló wá lọ ṣe níbẹ̀. Mo sọ fún wọn pé kí ọmọ náà máa wo portal tí wọ́n ti ń gba èèyàn síṣẹ́ bíi ti gbogbo ọmọ Nàìjíríà, wọ́n bínú, wọ́n já fóònù mọ́ mi létí. Ó dájú pé wọ́n máa pè ẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Kí wọn dáadáa, bi wọ́n léèrè ara wọn, tí wọ́n bá ti dé orí ọ̀rọ̀ yẹn, sọ pé èmi ni mo ní kó o má ṣe é, kí wọ́n padà sọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀gbọ́n ẹ,
Ìyá Ṣadé