Atẹ́gùn kọ́, Àkànní

Àkànní ọmọ mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé o ò pè, tí mo bá pè ẹ́ á kàn máa dún ni. Àlàáfíà la wà, wọ́n ti mú iná lọ láti Mọ́ńdè, ewúrẹ́ ìyá Sùlé bí méjì, bàbá ẹ ń lo oògùn ìfúnpá ẹ̀. Ìyẹn kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Àbúrò ẹ ló gbọ́ pé rọ́kẹ́ẹ̀tì páálí tí o yìn ní Alabama níbẹ̀, pé okùn parachute ẹ̀, ọ̀rá tó yẹ kó mú un rọra balẹ̀, já lókè, ó wá forí sọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ kékeré kan. Ṣé òótọ́ ni? Wọ́n ní o ní atẹ́gùn ni.

Atẹ́gùn kẹ̀?

Mi ò mọ rọ́kẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ọdún 31 ni mo ti ń ránṣọ, mo mọ òwú. Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ ní Kérésì, mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù: òwú ìránṣọ lásán, o kàn lu ihò sétí ọ̀rá o ta á ní kókó. Ibẹ̀ náà ló máa ya sí, olódo! Lẹ téèpù síbẹ̀ kó o tó lu ihò, kó o lo òwú tó ki, irú èyí tá a fi ń de bọ́tìnì kóòtù. Má lo okùn ìpẹja tó ń dán yẹn, kókó kì í dúró lára ẹ̀. Tí ọ̀rá bá fẹ̀ tó ínṣì 18, kí okùn má kéré sí 18, tó bá kúrú jù kò ní là dáadáa, kí gbogbo wọn sì dọ́gba torí èyí tó bá kúrú á fà á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gé mẹ́ta péré, kó gùn ní ìlọ́po méjì, so etí méjèèjì mọ́ ihò méjì tó tẹ̀ léra, kó o wá di àárín wọn pọ̀, mẹ́fà ti dé nìyẹn. Kán gọ́ọ̀mù sórí kókó kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé kò fara pa?

Ìwọ lo sọ fún mi pé 5 tó wà lẹ́yìn C6 tí wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, tí ẹ̀tù bá jó tán á tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí iná tó ti parachute jáde. Iná o. Ṣebí o máa ń rí mi tí mo ń fi ìṣáná yọ́ etí náílọ̀nù? Fi bébà tí kì í gbaná yẹn sáàárín, okùn tó bá sún mọ́ ẹ̀tù kó jẹ́ Kevlar, òwú tí iná kì í tètè jó, àmọ́ kó má tín-ín-rín jù, á la páálí bí ọ̀bẹ.

Àkànní, nígbà tí mo lóyún ẹ mo rán ọ̀já olókùn èjìká fún obìnrin kan. Òwú líle ti tán, ilẹ̀ ti ṣú, mo fi òwú lásán gbà á lẹ́ẹ̀kan péré. Okùn yẹn já lọ́jà, ọmọ jábọ́ lẹ́yìn ẹ̀, apá ẹ̀ kán. Nígbà tó gbé e wá mo ní aṣọ tó mú wá ló ti gbó. Obìnrin yẹn tún bẹ̀ mí, ó ní kí n má bínú. Bàbá ẹ ò mọ̀ dòní.

Lọ́jọ́ tí o gé láínì aṣọ kọ́sítọ́mà tí o so ó mọ́ òkúta tí o jù ú látorí ògiri, mo nà ẹ́ gan-an. Òkúta yẹn rọra balẹ̀ o. Mo rí i, mi ò kàn sọ ni.

Lọ bá ìyá ọmọ yẹn, sọ fún un pé kókó tí o ta ni. Tí kò bá sí owó káàdì mo lè fi ránṣẹ́, ìwọ ṣáà pè. Tí o bá pè, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni kó o kọ́kọ́ sọ fún mi, kó tó di pé o kí mi.

Ìyá ẹ ni.