Ẹ má gbé drone fò lórí èèyàn mọ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn yín nípa drone, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò tó sì ń ya fọ́tò látòkè, lóde ìnáwó, èmi náà ń fi ya fọ́tò jẹun, àmọ́ mo fara mọ́ ọn pé ká má gbé e fò lórí èèyàn mọ́. Lóde ìyàwó kan n'Ìbàdàn níbí, ọmọkùnrin kan gbé tiẹ̀ wálẹ̀ gan-an kó lè ya bí wọ́n ṣe ń náwó fún ìyàwó, ni fáànù ẹ̀ bá fa gèlè ìyá àgbà kan ya, díẹ̀ ló kù kó kàn wọ́n lójú, ọwọ́ màmá ń gbọ̀n títí wọ́n fi gbé wọn jókòó. NCAA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, ní ká gbàwé àṣẹ, ọ̀pọ̀ wa ò gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni họ́ọ̀lù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bèèrè ìwé yẹn lẹ́nu géètì.

Ayafọ́tò, Bódìjà, Ìbàdàn