Kòtò Ìgbáròkó Kì í Ṣe Ojúgun

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwa ará Òkun máa ń ṣe lẹ́yìn tí a bá ti gbé ẹni tó fara pa kúrò lójú ọ̀nà Ọ̀bájànà sí Kàbà.

Iwájú ọkọ̀ ni ọmọ àbúrò mi jókòó sí nígbà tí ọkọ̀ náà kọ lu ẹ̀yìn tírélà. Orúnkún rẹ̀ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù, egungun itan ṣe bẹ́ẹ̀ tì sẹ́yìn, ó fọ́ ẹ̀yìn kòtò ìgbáròkó, ìyẹn ihò tí orí egungun itan máa ń wà nínú rẹ̀, orí egungun itan náà sì yẹ̀ kúrò nínú kòtò náà. Nítorí pé a kò rí ọgbẹ́ lára rẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá kan tó jẹ́ teegunteegun la gbé e lọ, ọ̀sẹ̀ 5 la sì lò níbẹ̀. N kò pe bàbá náà ní ẹlẹ́tàn o, nítorí mo ti rí ojúgun tí wọ́n tò tó jinná dáadáa. Ṣùgbọ́n ojúgun ṣeé fọwọ́ wá, ó sì ṣeé fi pákó dì, nígbà tí kòtò ìgbáròkó wà lábẹ́ ẹran tó nípọn níbi tí ọwọ́ kò lè dé.

Bí èérún egungun bá ti yẹ̀ ju mílímítà 2 lọ níbi tí ìwúwo ara ń bà lé, àwọn dókítà eegun a máa la ibẹ̀, wọn a dá èérún náà padà sí àyè rẹ̀, wọn a tẹ pẹlẹbẹ irin títí yóò fi bá ìtẹ̀kọrọ egungun mu, wọn a sì fi síkírù dè é, kí ojú kòtò náà lè tún dán. Bí ó bá rí gbágungbàgun, orí itan yóò máa họ ọ́ títí oríkèé náà yóò fi bàjẹ́. Láti ọdún 1964 tí àwọn oníṣẹ́ abẹ Faransé, àwọn Judet àti Letournel, ti to oríṣi 10 tí kòtò náà lè gbà fọ́ lẹ́sẹẹsẹ, àtòjọ wọn ni a ṣì ń tẹ̀ lé. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ náà ni irin ń kàn: èyí tí kò yẹ̀ lè jinná bí aláìsàn kò bá fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Ọjọ́ ló pa tiwa. Orí itan tó yẹ̀ yẹ kó padà sínú kòtò láàárín wákàtí 6, kí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ má baà dá dúró. Iṣẹ́ irin sì dára jù láàárín ọ̀sẹ̀ 2, nítorí tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 3, egungun tuntun a ti máa lẹ èérún mọ́ ibi tí kò yẹ. Nígbà tí a fi dé ilé ìwòsàn, ohun tí dókítà sọ fún wa gan-an nìyẹn.

Mo wá ń bẹ àwọn ọba wa àti àwọn teegunteegun ní Owé, Búnú, Ìjùmú àti Yàgbà: ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ bá ṣe, tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú tó sì yí sínú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fà á kí ó tó ya fọ́tò X-ray.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Kàbà.