Ẹ bi àwọn àgbà kí ẹ tó ri pátákó mọ́lẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Inú mi dùn sí àtúnṣe tó ń dé bá àwọn àdúgbò àtijọ́ nílùú Àjàṣẹ́ wa (Porto-Novo, ní Benin). Àwọn gbàgede òrìṣà tí Ilé Àṣà Ouadada bá àwọn onílé tún ṣe wu ojú rí. Àmọ́ tí wọ́n bá to páfé tán, tí wọ́n kun ògiri tán, ta ni yóò sọ ìtàn orúkọ ibẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń ṣeré lórí rẹ̀?

Ẹ wo àdúgbò Accron. Ìtàn tí a bá lẹ́nu àwọn àgbà ni pé àwọn ọdẹ Yorùbá ló tẹ ibẹ̀ dó, kí Tè Agbanlin, ọmọ ọba tó wá di ọba níbí, àtàwọn èèyàn rẹ̀ tó ti Allada dé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rí ẹ̀mí olórí mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní Abórímẹ́sàn-án, ojúbọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ dòní. Àwọn tó tẹ̀ lé Tè Agbanlin pe ìlú ní Hogbonou. Ní 1752 ni Eucaristus de Campos, oníṣòwò ará Potogí, wá pè é ní Porto-Novo, torí èbúté tí wọn yóò ti máa kó ẹrú ló ń wá. Orúkọ tirẹ̀ ló borí lórí máàpù. Ẹni tó kọ nǹkan sílẹ̀ ló borí ẹni tó ń fẹnu sọ ọ́, ohun tó sì tún fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí àwọn àdúgbò wa nìyẹn.

Mo ti dé àdúgbò kan tí wọ́n tún ṣe, Faransé nìkan ló wà lára pátákó tuntun ibẹ̀. Ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sọ orúkọ gidi fún mi, ó sì dárúkọ ìdílé tó ni ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í.

Láti 1996 ni àwọn àdúgbò àtijọ́ wa àti ààfin ti wà lára ibi tí ìjọba fi sílẹ̀ fún àjọ UNESCO pé kí wọ́n yẹ̀ wò bóyá wọ́n lè di ogún àgbáyé. Ṣé ògiri nìkan la fẹ́ fi hàn wọ́n?

Mo bẹ mẹ́ẹ̀rì àti ilé ẹ̀kọ́ EPA, tó ń kọ́ni nípa ogún àṣà Áfíríkà nílùú yìí kan náà: ẹ rán àwọn ọ̀dọ́ lọ jókòó ti àwọn baálé àti àwọn àwòrò, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí ẹ sì kọ ìtàn náà sára pátákó ní Yorùbá, ní Gùn àti ní Faransé, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó palẹ̀ ẹrù wọn mọ́.

Èmi ni òǹkàwé yín,
ọmọ Àjàṣẹ́