Ẹ Má Ti Ìnhélà Mọ́ Inú Ọ́fíìsì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọyẹ́ ti ń kanlẹ̀kùn. Kí àwọn iléèwé Èkó jọ̀ọ́ jáwọ́ nínú títi ìnhélà (agolo oògùn tí a ń fi ẹnu fà sínú) ọmọ tó ní ikọ́ fée mọ́ ọ́fíìsì. Ọmọ tí kò rí èémí mí kò lè dúró de ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí báńkì.

Ìnhélà fúnra rẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Bí ọmọ kékeré bá fi í sẹ́nu lásán, ahọ́n àti ọ̀fun ni oògùn náà ń lẹ̀ mọ́. Díẹ̀ ló ń dé ẹ̀dọ̀fóró. Spacer, ike oníhò tí a ń fi sáàárín ìnhélà àti ẹnu ọmọ, ló ń tún un ṣe. Bí kò bá sí, ike omi 500ml tó mọ́, tí a dá ihò sí nídìí kí ẹnu ìnhélà wọ̀ ọ́ gbáko, yóò ṣe é. Ẹ mi ìnhélà, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ mí sínú mí síta nígbà 4 sí 6 kí ẹ tó tún un tẹ̀. Títẹ̀ ẹ́ léraléra (ìpáyà ló ń fà á) ń fi oògùn ṣòfò ni. Bí ọmọ kò bá lè parí gbólóhùn kan, tàbí tí ètè rẹ̀ ń rí bí eérú, ó di ilé ìwòsàn, kí ẹ sì máa fún un lọ lójú ọ̀nà.

Agolo ìnhélà tí kò ní òǹkà, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi iye tó kù hàn, tún ń tanni: oògùn inú rẹ̀ á ti tán, á ṣì máa fọ́n fìn-ín. Ẹ máa kọ iye tí ẹ tẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ yéé fi àìsàn yìí pamọ́ nínú fọ́ọ̀mù iléèwé.

Nọ́ọ̀sì iléèwé,
Ṣómólú, Èkó.